Etí Aṣọ, Etí Ọ̀rọ̀: Férémù Olówó Pọ́ọ́kú gẹ́gẹ́ bí Ìlámèyítọ́ Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́

Ìfáàrà

Nínú ọ̀pọ̀ yàrá ìgbàlejò ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ohun mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú férémù lára ògiri: àwòrán bàbá tàbí ìyá onílé, àwòrán ìgbéyàwó, àti ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Lórí àga tó wà lábẹ́ wọn ni ohun kẹrin máa ń wà, ìyẹn aṣọ funfun pẹlẹbẹ tí ìyá ilé fi abẹ́rẹ́ ṣe òdòdó, ẹyẹ tàbí ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ sí lára nígbà tó wà nílé-ìwé. Orí ni àlejò ń fi tì í. Ìpara irun ń kó sí i. Wọ́n á sì máa fọ̀ ọ́ títí tí òwú ara rẹ̀ yóò fi tú. Nígbà tí ìyá náà bá dàgbà, tí àwọn ọmọ sì ń palẹ̀ ilé mọ́, férémù mẹ́ta náà ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé. Aṣọ yẹn kì í sábà bá wọn lọ.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìdájọ́ ni fífi férémù sí iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹni tó jókòó nílé tó ń fi férémù sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ alámèyítọ́, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ó ń sọ ibi tí iṣẹ́ náà parí sí. Ó ń sọ ohun tó yẹ kó fara kàn án àti ohun tí kò yẹ. Ó sì ń pinnu bóyá ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò lè tún un kà. Nítorí pé ìdájọ́ ni, òye ló nílò ju owó lọ. Férémù olówó iyebíye lè ba iṣẹ́ jẹ́, férémù àlòkù sì lè gbé e yọ.

Àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí férémù ṣáájú àsìkò yìí. Immanuel Kant, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Jámánì, nínú ìwé tó kọ lórí agbára ìdájọ́, ka férémù àwòrán mọ́ ohun àfikún, pẹ̀lú aṣọ ara ère àti òpó tó yí ààfin ká. Ní 1978, Jacques Derrida tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀wò ní ilẹ̀ Faransé nínú ìwé rẹ̀, La Vérité en peinture. Ó ní kò rọrùn láti mọ ibi tí ohun inú parí sí tí ohun òde sì ti bẹ̀rẹ̀, àti pé ohun tí wọ́n ń pè ní àfikún gan-an ló ń dí àlàfo tó wà nínú iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Èrò yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó mọ oríkì. Rowland Abiodun, nínú Yoruba Art and Language tó jáde ní 2014, ṣàlàyé pé iṣẹ́ ọnà Yorùbá kò ṣe é yà kúrò lára oríkì àti èdè tó rọ̀gbà yí i ká. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tó yí iṣẹ́ ká ti di apá kan ìtumọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ gẹ́gẹ́ bí Ohun Kíkà

Kí ènìyàn tó lè sọ̀rọ̀ férémù, ó yẹ kó kọ́kọ́ gbà pé ohun kíkà ni iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Láàárín àwọn aṣọ àpẹẹrẹ ìkọ́ṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní ọdún lára, èyí tí wọ́n mọ̀ pé ó pẹ́ jù ni ti Jane Bostocke, tó jẹ́ ti 1598, tó sì wà ní Victoria and Albert Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Álífábẹ́ẹ̀tì wà lára rẹ̀. Orúkọ ẹni tó ṣe é wà níbẹ̀. Ìrántí ọjọ́ ìbí ọmọ kan sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, tí abẹ́rẹ́ àti ìwé kíkà ti jọ ń rìn, ni àwọn ilé-ìwé ìjọ gbé wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ilé-ìwé ọmọbìnrin tí CMS dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1869, tó wá di ara ìpìlẹ̀ St Anne's School ní Ìbàdàn, jẹ́ ọ̀kan lára irú ilé-ìwé tí aṣọ rírán ti wà lára ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin. Aṣọ orí àga tó wà ní pálọ̀ lónìí, ọmọ-ọmọ ẹ̀kọ́ yẹn ni.

Rozsika Parker ló ṣe lámèyítọ́ tó lágbára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú The Subversive Stitch, tó jáde ní 1984, ó fi hàn pé ní ilẹ̀ Yúróòpù, bí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ṣe di iṣẹ́ obìnrin inú ilé ni wọ́n ṣe rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láti ipò iṣẹ́ ọnà sí ipò iṣẹ́ ọwọ́ lásán. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ṣe é gbé wọ ilẹ̀ yìí láìtún un ṣe. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó níyì jù ní agbègbè yìí, ìyẹn èyí tí àwọn Hausa àti Nupe ń ṣe sára agbádá ńlá, ọkùnrin ló ń ṣe é, mọ́là sì ni púpọ̀ nínú wọn. Aska takwas, ọ̀bẹ mẹ́jọ, ni wọ́n ń pe ọ̀kan lára àwọn bátànì náà. Kò sẹ́ni tó ń wá férémù fún un, torí ó ti ní férémù: ara ẹni tó wọ̀ ọ́ ni. Nígbà tí olówó bá ká agbádá lé èjìká, gbogbo ayé ló ń ka ohun tí abẹ́rẹ́ kọ sí i láyà. Kò sí àbùkù kankan lára abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ọmọbìnrin ilé-ìwé ni kò rí ara tí yóò gbé e jáde. Àga àti tábìlì ni wọ́n fún un. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ férémù fi kàn án ju agbádá lọ.

Etí: Ibo Ni Iṣẹ́ Parí Sí?

Yorùbá fi ọ̀rọ̀ kan náà pe etí tí ènìyàn fi ń gbọ́ràn àti etí aṣọ. Etí ni ibi tí iṣẹ́ ti ń gbọ́ ohun tó wà níta. Ibẹ̀ náà ni ọ̀bẹ àti sísọ́ọ̀sì ti ń ṣe jàǹbá jù.

Àpẹẹrẹ kan tó yanjú ọ̀rọ̀ yìí ni iṣẹ́ Elizabeth Parker, ọmọbìnrin kan láti Ashburnham ní Sussex, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òun náà wà ní Victoria and Albert Museum. Kò bá Rozsika Parker tan. Orúkọ ló kàn jọra. Ní nǹkan bí 1830, ó fi òwú sílíìkì pupa kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ sára aṣọ ọ̀gbọ̀ funfun, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, láìsí òdòdó, láìsí ẹyẹ. Ó ròyìn ìyà tó jẹ lọ́wọ́ ẹni tó gbà á síṣẹ́ nígbà tó jẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀, àti bí ó ṣe ronú láti pa ara rẹ̀. Láàárín gbólóhùn kan, níbi tó ti ń béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọkàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dá dúró. Ìyókù aṣọ náà ṣófo. Elizabeth Parker kò kú sínú ìbànújẹ́ yẹn. Ó padà di olùkọ́. Ṣùgbọ́n kò padà wá parí gbólóhùn náà.

Bí wọ́n bá gbé irú aṣọ yìí fún ẹni tó ń ṣe férémù láìbá a sọ nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kó ká apá tó ṣófo náà sẹ́yìn kí igi àti dígí má baà pọ̀. Yóò wò ó pé aṣọ lásán lòun ká. Ohun tó ká sẹ́yìn ni ìdáhùn tí ọmọbìnrin náà kò rí. Bákan náà ló rí pẹ̀lú iṣẹ́ tó wà nínú àpótí àwọn ìyá ní Ìbàdàn tàbí ní Porto-Novo. Ibi tí òwú ti tán tí wọ́n sì fi àwọ̀ mìíràn parí ewé, ibi tí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ ti há nítorí àyè kò tó, àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹyẹ kejì tí wọn kò ṣe mọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé férémù tó wọ́pọ̀ lọ́jà ní ìwọ̀n tirẹ̀, bíi íǹṣì 8 sí 10 tàbí 11 sí 14. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò lè ní kí wọ́n ṣe é ní ìwọ̀n àkànṣe, ọkàn rẹ̀ á sì máa fà sí kí ó gé aṣọ kó bá férémù mu. Ìdájọ́ tó tọ̀nà ni kó ra férémù tó tóbi ju iṣẹ́ lọ, kó sì fi páálí tí wọ́n gé ojú sí láàárín dí àyè tó kù. Páálí olójú yìí ṣe bí àlàfo funfun tó yí ewì ká lórí ìwé: ó ń fún ojú ní ibi ìsinmi kó tó kan ọ̀rọ̀. Ó kéré tán, ó yẹ kí aṣọ tó tó íǹṣì 2 sí 3 ṣẹ́ kù ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọn yóò ká sẹ́yìn. Ẹni tó gbọ́n jù ni ẹni tó wo ìwọ̀n férémù ọjà kó tó ju abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ sínú aṣọ.

Ẹ̀yìn: Ọ̀nà tí Abẹ́rẹ́ Gbà

Àwọn àgbà ní ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni òwú ń tọ̀. Iwájú aṣọ ń fi ibi tí òwú dé hàn; ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń fi ọ̀nà hàn. Níbẹ̀ ni ènìyàn ti ń rí bóyá aránṣọ náà já òwú lẹ́yìn òdòdó kọ̀ọ̀kan tàbí ó fà á kọjá, ibi tó ti ṣàṣìṣe tó sì tú u, àti bí àwọ̀ òwú ṣe rí kí oòrùn tó ṣá a. Fún ẹni tó ń ṣe ìwádìí, ẹ̀yìn aṣọ dà bí ìwé àfọwọ́kọ tí òǹkọ̀wé ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lára rẹ̀.

Nítorí náà, àṣà fífi gọ́ọ̀mù lẹ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ mọ́ pákó pẹlẹbẹ, tó wọ́pọ̀ nítorí pé ó yá, tó sì dín owó kù, ló yẹ kí lámèyítọ́ bá wí jù. Gọ́ọ̀mù ń wọnú òwú. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó ń le, ó sì ń pọ́n aṣọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ti ẹ̀yìn iṣẹ́ pa títí ayé. Sẹ́lótéèpù kò sàn jù ú lọ.

Ọ̀nà tó dára jù kò náni ju òwú àti sùúrù. Wọ́n á kọ́kọ́ fi aṣọ funfun tó tutù díẹ̀ tẹ òwú wò bóyá àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí. Bí kò bá ṣí, wọ́n á fi omi tútù àti ọṣẹ tí kò le fọ iṣẹ́ náà, wọn kò ní fún un, wọ́n á ká a mọ́ táwẹ́ẹ̀lì kó mu omi ara rẹ̀, wọ́n á sì da ojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí táwẹ́ẹ̀lì láti lọ̀ ọ́, kí òwú má baà tẹ́. Wọ́n á gé páálí líle kó fi díẹ̀ kéré sí inú férémù, torí aṣọ tí wọ́n ká yóò gba àyè. Wọ́n á tẹ́ iṣẹ́ lé e, wọ́n á fi pínnì tí kì í dípẹtà há a mọ́ etí páálí, láti àárín lọ sí igun, wọ́n á sì máa wò ó kí òwú tí wọ́n fi hun aṣọ náà tọ́ gbọọrọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa òwú tó lágbára láti apá òsì aṣọ lọ sí apá ọ̀tún lẹ́yìn páálí, síwá sẹ́yìn, àti láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, bí ẹni ń so okùn bàtà. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ẹ̀yìn iṣẹ́, òwú yẹn nìkan ni yóò já. Iṣẹ́ yóò bọ́ sílẹ̀ láìní egbò.

Ẹ̀yìn yìí náà ni ibi tó yẹ kí orúkọ wà. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló di aláìlórúkọ nítorí pé gbogbo ará ilé ló mọ ẹni tó ṣe é, títí ọjọ́ tí ará ilé tó mọ̀ ọ́n fi tán. Pélébé aṣọ funfun kan, tí wọ́n kọ orúkọ, ìlú, ọdún àti ìdí iṣẹ́ sí, tí wọ́n sì rán mọ́ etí tí wọ́n ká sẹ́yìn, kò ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ.

Dígí, Afẹ́fẹ́ àti Oòrùn

Dígí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àmì pé wọ́n ti bu ọlá fún iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní Èkó, Kútọnu àti Accra, afẹ́fẹ́ etí òkun kún fún ọ̀rinrin. Bí dígí bá fara kan òwú, ọ̀rinrin tó bá kó sára rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà lọ, aṣọ á sì bu. Òwú tó yọrí sókè pẹ̀lú á tẹ́ mọ́lẹ̀, ìyẹn ni pé ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí àwòrán orí ìwé ti sọnù. Ní Kano, níbi tí ọyẹ́ ti ń gbé eruku wá, àìlo dígí ní ewu tirẹ̀. Ìdájọ́ ibẹ̀ ni pé bí dígí yóò bá wà, kí àlàfo wà láàárín òun àti iṣẹ́. Páálí olójú tó nípọn lè ṣe èyí. Bí kò bá sí, tẹ́ẹ́rẹ́ páálí tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ etí férémù lè ṣe é. Bí dígí kò bá sí, kí wọ́n gbé iṣẹ́ kọ́ síbi tó jìnnà sí èéfín ilé ìdáná.

Ní ti oòrùn, òwe ti parí ọ̀rọ̀: gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá sóòrùn. Ògiri tó dojú kọ fèrèsé ni ọ̀pọ̀ ń yàn torí pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ń gbé iṣẹ́ yọ, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ yẹn kan náà ló ń ṣá àwọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Owó

Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Férémù oníwúrà tí wọ́n fi ń há ìwé ẹ̀rí, bí wọ́n bá fi sí iṣẹ́ òdòdó kékeré kan, ọlá ìwé ẹ̀rí ni yóò máa yá a lò; ojú á kọ́kọ́ kan wúrà, yóò sì rẹ̀ ẹ́ kó tó kan òwú. Férémù igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní ariwo ló sábà ń jẹ́ kí abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀. Irú èyí wà láàárín àwọn férémù àlòkù tí àwọn ènìyàn ń tà dànù, àti nínú ajákù igi tí káfíńtà ń kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí wọ́n yẹ férémù àlòkù wò dáadáa: bí ihò wínníwínní àti lẹ́búlẹ́bú igi bá wà lára rẹ̀, kòkòrò ṣì ń gbé inú rẹ̀. Òrùka onígi méjì tí wọ́n fi na aṣọ nígbà iṣẹ́ pàápàá lè di férémù, bí wọ́n bá fi òwú ṣẹ́ etí aṣọ jọ sẹ́yìn rẹ̀.

Ibi kan wà tí kò yẹ kí wọ́n ti dín owó kù: ohun tó fara kan aṣọ. Páálí aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi ń di ọjà ní ásíìdì nínú, ó sì máa ń fi àbàwọ́n pupa rúsúrúsú sílẹ̀ lára aṣọ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Páálí tí kò ní ásíìdì ló yẹ. Bí kò bá sí, aṣọ òwú funfun tí wọ́n ti fọ̀ dáadáa, tí wọ́n tẹ́ sáàárín, yóò fa ìbàjẹ́ náà sẹ́yìn fúngbà díẹ̀. Ibi tí ojú kò dé ló yẹ kí owó kọ́kọ́ dé. Ẹni tó bá lóye èyí ti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín bíbu ọlá fún iṣẹ́ àti ṣíṣe àṣehàn.

Àtakò Kan

Ẹnìkan lè ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún tábìlì, orí tábìlì ló yẹ kó wà; pé férémù ń pa á, bí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ṣe máa ń sọ eégún di aṣọ lásán. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Aṣọ tó ṣì lágbára, tí ẹni tó ṣe é ṣì ń tẹ́ fún àlejò, kò nílò férémù. Ìlò ni oríkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n àsìkò kan ń bọ̀ tí fífọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i yóò pa á rẹ́. Ìgbà náà ni férémù wúlò, férémù tó ṣe é tú sì ni. Òwú tí wọ́n fà sẹ́yìn páálí gbà pé ìdájọ́ òní lè yí padà lọ́la, àti pé ọmọ-ọmọ lè fẹ́ tẹ́ aṣọ náà lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Gọ́ọ̀mù kò gba irú ìyẹn láyè. Lámèyítọ́ tó dára náà kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ lámèyítọ́ tó ń bọ̀.

Ìkádìí

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá ní kó mú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kan wá láti ilé, kó yẹ iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kó bi ẹni tó ṣe é léèrè, kó sì kọ gbólóhùn mẹ́ta ní èdè abínibí rẹ̀ sórí pélébé tí yóò wà lẹ́yìn férémù, ti ṣe ìtúpalẹ̀, ó ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà, ó sì ti kọ lámèyítọ́. Yóò nílò ọ̀rọ̀ tó bá a mu: kí ni ìyá rẹ̀ àgbà ń pe irú abẹ́rẹ́ yìí? Kí ni orúkọ àwọ̀ yìí nílé wọn? Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì wọ inú ìwé atúmọ̀ èdè kankan. Ẹnu àwọn tó mọ̀ ọ́n ló wà, àwọn náà sì ń lọ. Gbólóhùn mẹ́ta náà lè jẹ́ Yorùbá, Hausa, Fọ̀n tàbí Ewe. Kí wọ́n kọ wọ́n kí wọ́n tó kan ìṣó mọ́ ògiri, nígbà tí ẹni tó di abẹ́rẹ́ náà mú ṣì lè sọ bóyá òótọ́ ni wọ́n kọ.